Ohun Tí Ń Gbèjà Ẹ̀fọ́, Ìdí Ẹ̀fọ́ Ni Ó Wà

(Ọ̀rọ̀ tí Imáàmù bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní mọ́sálásí, Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì)



 Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, àwọn kan nínú yín tọ̀ mí wá lórí ọ̀rọ̀ oko tí ẹ ń dá ní ojú ọ̀nà Ìwòrókò. Ẹ ní tata ti jẹ ewé ẹ̀gẹ́ yín ku igi lásán, mùkúlú sì ti dá ihò sí èso tòmátì yín lára. Ọ̀kan nínú yín sọ pé, “Alfa, ẹ bá wa wá owó oògùn apakòkòrò tí ó le ju èyí tí a ń lò lọ.” Èkejì dá a lóhùn pé kí a kúkú dáná sun ilẹ̀ náà lẹ́yìn ìkórè, kí gbogbo ẹyin kòkòrò lè jóná mọ́ ibẹ̀. Mo ní kí ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé lónìí.

Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilé-kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, èdè Lárúbáwá ni mo sì kà ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo sì ní oko títí di òní yìí. Mo lọ bá àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n, mo ka ohun tí wọ́n fún mi kà, ohun tí mo sì bá bọ̀ kì í ṣe ohun tí mo rò pé n óò bá bọ̀. Oògùn ni mo rò pé a ó máa sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Olú ni ọ̀rọ̀ náà já sí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ewé bẹ̀rẹ̀ kí a tó wa ilẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ní oró. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń rin ín, tí wọ́n ń fún omi ara rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń yan án kí ó tó di gàrí. Ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ sínú omi kí ó tó di láfún. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni bí oró náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun méjì ni ó wà nínú ewé ẹ̀gẹ́, ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni a ń pè ní linamarin. Bí ó bá dá wà, kò ṣe nǹkan kan. Èkejì ni ohun tí ń tú linamarin palẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ewé bá wà ní pípé, àwọn méjèèjì kì í fojú kan ara wọn. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá gé ewé náà jẹ, ògiri tí ó wà láàárín yàrá méjèèjì yóò wó, wọn yóò dà pọ̀, oró tí a ń pè ní sáyánáìdì yóò sì tú jáde sí ẹnu ẹni tí ó gé e jẹ. Ewéko kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi lé ọ̀tá. Ilé oògùn tí Ọlọ́hun kọ́ sí ara rẹ̀ ni ohun ìjà tí ó ní.

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ kan láti Yunifásítì Ìbàdàn àti láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fara balẹ̀ wo tata aláràbarà yìí gan-an lórí ẹ̀gẹ́, wọ́n sì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1977. Wọ́n rí i pé tata kì í fẹ́ jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tí ó tutù yọ̀yọ̀ tí ó ń dàgbà lọ́wọ́. Yóò gé e wò, oró náà yóò ta á lẹ́nu, yóò sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewé náà bá rọ, tí oró inú rẹ̀ sì dínkù, tata yóò jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Bí ó bá sì dàgbà tán tí ebi ń pa á, kò ní wo ti oró mọ́. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Láti kékeré ni mo ti ń lé tata ní oko bàbá mi, n kò sì fìgbà kan rò ó rí pé ewé náà ní ọ̀rọ̀ tí òun ń bá tata sọ. Iye tata nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí oko. Bí ewé ṣe lágbára tó láti po oògùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú.

Níbo wá ni ewé ti ń rí agbára bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ó jọ pé àwa tí a jogún òwe náà kò wo ìdí ẹ̀fọ́ tán, nítorí ohun tí ń gbèjà ẹ̀fọ́, ibẹ̀ náà ni ó wà.

Bí mo bá pe olú, ọkàn yín yóò lọ sí èyí tí ń hù ní ìdí ọ̀gán àti lára kùkùté, tí a máa ń fi se ọbẹ̀. Èyí tí a ń rí yẹn dà bí èso lórí igi. Igi náà gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀, ó rí bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹbí olú sì pọ̀ lọ jàra. Ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́, ọ̀kan nínú wọn ni. Làpálàpá tí ń mú àwọn ọmọ wa lórí, ọ̀kan nínú wọn ni. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí kì í yọ orí síta rárá. Ó ń gbé inú gbòǹgbò ewéko, ó sì ń na fọ́nrán rẹ̀ jáde sínú erùpẹ̀ káàkiri, fọ́nrán tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ lọ́nà púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ìwé Hádíìsì yóò rántí kam'ah, tí a mẹ́nu kàn níbẹ̀ pé omi rẹ̀ wúlò fún ojú. Olú abẹ́ ilẹ̀ ni kam'ah í ṣe. Lẹ́yìn òjò àti àrá ni àwọn Lárúbáwá aginjù máa ń jáde lọ wá a nínú iyanrìn, láti ayébáyé ni wọ́n sì ti mọ̀ pé ibi tí ewéko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní raqrūq bá wà ni kí ènìyàn wá a lọ. Wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé fọ́nrán kam'ah wọ inú gbòǹgbò ewéko náà, àwọn méjèèjì jọ ń jẹun ni. Ọ̀gá ni Ibn al-ʿAwwām ará Seville nínú ìmọ̀ oko, ní ilẹ̀ Andalus ní ọ̀rúndún kejìlá. Ìwé gbọọrọ ni ó kọ lórí ilẹ̀, ajílẹ̀ àti igi. Ṣùgbọ́n awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá kò tíì sí láyé nígbà náà, òun náà kò lè rí ohun tí ó wà nínú gbòǹgbò.

Ọ̀rọ̀ olú abẹ́ ilẹ̀ yìí náà ni ó gbé ìmọ̀ ọ̀hún jáde níkẹyìn. Ìjọba Prussia ní Jámánì ni ó ní kí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Albert Bernhard Frank wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa gbin irú olú abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn olówó Yúróòpù fẹ́ràn láti máa jẹ. Ibi tí ó ti ń wa ìdí igi kiri ni ó ti rí i pé olú bo gbòǹgbò àwọn igi náà, igi náà sì ń yọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò ṣàìsàn. Ní 1885 ó pe ìdàpọ̀ náà ní mycorrhiza, èyí tí ó túmọ̀ sí olú-òun-gbòǹgbò. Irú èyí tí ó rí lára igi ilẹ̀ òtútù yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ó wà lára ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wa, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni wọ́n ń hù. Nínú gbogbo oríṣi ewéko tí ó wà lórí ilẹ̀ ayé, èyí tí ó ju ìdajì lọ dáadáa ni ó ní irú olú tiwa yìí nínú gbòǹgbò. Àwọn òkúta kan wà ní Rhynie ní ilẹ̀ Scotland tí ọjọ́ orí wọn lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún. Ewéko àtijọ́ tí ó di òkúta síbẹ̀ ti ní olú yìí lára.

Òwò ni wọ́n jọ ń ṣe. Ewéko a máa fi oòrùn ṣe ṣúgà, yóò sì fún olú nínú rẹ̀, nígbà mìíràn títí dé ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí ó bá ṣe. Olú ní tirẹ̀ a máa wọ inú erùpẹ̀ dé ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, yóò bá a kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, síńkì àti omi bọ̀. Ẹ̀gẹ́ wà lára àwọn tí kò lè ṣe láìsí i. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, kò pọ̀, irun ara gbòǹgbò náà kò sì tó nǹkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní ibùdó ìwádìí CIAT ní orílẹ̀-èdè Colombia, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti pa gbogbo olú inú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ náà rù, kò dàgbà. Nígbà tí wọ́n dá olú padà sínú ilẹ̀ náà, ó gbèrú. Ní tiwa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osonubi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí olú yìí ṣe ń bá ẹ̀gẹ́ wá oúnjẹ lórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní 1995 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó lásán ni èyí, ẹ sọ fún un pé ilẹ̀ Ìbàdàn àti ilẹ̀ Adó kò jìnnà sí ara wọn.

Ìsinsìnyí ni mo dé ibi tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ. Olú yìí kò fi mọ sí oúnjẹ nìkan. Ó ń kọ́ ewéko ní ìjà.

Àwọn onímọ̀ kan ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2013 lórí tòmátì. Wọ́n fi olú sí ìdí àwọn kan, wọn kò fi sí ìdí àwọn yòókù. Wọ́n wá gbé mùkúlú lé àwọn kan lórí nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, irú mùkúlú tí a ń pè ní Helicoverpa, tí ń dá ihò sí èso tòmátì níhìn-ín náà. Mùkúlú tí ó jẹ ewé tòmátì tí ó ní olú kò sanra bí èyí tí ó jẹ ewé tòmátì tí kò ní in. Nígbà tí wọ́n yẹ ewé náà wò, wọ́n rí i pé tòmátì tí ó ní olú, tí kòkòrò sì ti gé jẹ, ni ó po oògùn jù lọ. Lára oògùn náà ni ohun kan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú kòkòrò. Mùkúlú yóò jẹ àjẹyó, ebi yóò sì tún máa pa á. Ohun tí ń gbé ìròyìn ìjà kiri nínú ara ewéko ni wọ́n ń pè ní jasmonic acid. Wọ́n wá mú irú tòmátì kan tí kò lè ṣe ohun náà dáadáa, wọ́n fi olú sí ìdí òun náà. Ààbò tí olú mú wá kò hàn lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ ni olú ń gbà ṣe é.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Kí kòkòrò tó dé, tòmátì tí ó ní olú kò tíì máa po oògùn kíkún. Oògùn pípò ń ná ewéko lówó. Ẹni tí ó bá ń ná owó sórí ìbọn lójoojúmọ́ kò ní rí owó ra iṣu. Ẹ wo àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru. Wọn kì í yìnbọn láti alẹ́ di òwúrọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ki ìbọn wọn sílẹ̀, wọn kò sì sùn. Ipò tí olú fi ewéko sí nìyẹn. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ sì ṣe lórí rẹ̀ dùn mọ́ mi. Wọ́n ní nígbà tí olú kọ́kọ́ fẹ́ wọ inú gbòǹgbò, àlejò ni, ewéko sì dìde sí i bí ẹni dìde sí olè. Lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ara wọn, ewéko gbà á sílé, ṣùgbọ́n kò padà lọ sùn mọ́. Ìfura àkọ́kọ́ yẹn kù sí i lára, dé orí ewé tí ó wà lókè pátápátá.

Kò tán síbẹ̀. Fọ́nrán olú kan lè so gbòǹgbò ewéko méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ní 2013 kan náà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Aberdeen ní Scotland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbin ẹ̀wà kan tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Wọ́n fi àsẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré gan-an sáàárín gbòǹgbò wọn, tí gbòǹgbò kò lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí fọ́nrán olú lè gbà á kọjá. Wọ́n fi ọ̀rá bo ewé wọn kí òórùn má bàa gba inú afẹ́fẹ́ lọ. Wọ́n wá da àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ara ewé mu sórí ẹ̀wà kan ṣoṣo. Àwọn ẹ̀wà tí fọ́nrán olú so mọ́ èyí tí wọ́n ń fà mu bẹ̀rẹ̀ sí í tú òórùn jáde láti ara ewé wọn, òórùn tí ń lé kòkòrò náà sá, tí ó sì ń pe agbọ́n kéékèèké tí ń pa kòkòrò náà wá, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kan kò tíì bà lé wọn. Àwọn tí wọ́n gé fọ́nrán tiwọn kò mọ nǹkan kan. Ará àdúgbò tí olè kò tíì dé ilé rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn, nítorí pé ìròyìn gba abẹ́ ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú kéré agbọ́n. Kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun tí ó fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run ní ilẹ̀ Áfíríkà láti nǹkan bí 1973, agbọ́n tín-ínrín kan tí wọ́n mú wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ká a lọ́wọ́ kò. Láti IITA ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní 1981. Oògùn apakòkòrò tí ẹ ń béèrè kò mọ agbọ́n yàtọ̀ sí ọ̀tá.

Mo ní láti sọ apá kejì ọ̀rọ̀, kí ẹ má bàa lọ sọ fún àwọn ènìyàn pé Alfa ní olú ń wo gbogbo àìsàn oko. Ààbò tí mo ń sọ yìí ń hàn jù lọ sí kòkòrò tí ń gé ewé jẹ, tí kò sì yan ewé láàyò. Bí ó bá kan àwọn tí ń fi ẹnu bí abẹ́rẹ́ fa omi ara ewé mu, ọ̀rọ̀ máa ń yí padà: ewéko tí olú bọ́ yó lè di oúnjẹ aládùn fún wọn. Àwọn kòkòrò tí Ọlọ́hun dá mọ́ ewé kan ṣoṣo náà ti mọ oró rẹ̀, wọn kì í bẹ̀rù rẹ̀ púpọ̀. Fall armyworm, tí a kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní 2016 tí ó sì bá gbogbo wa fínra nínú àgbàdo, mọ bí ó ṣe ń sọ oró ewé àgbàdo di aláìlágbára nínú ara rẹ̀. Ẹ má fi olú nìkan dúró dè é. Bákan náà ni àwọn ewéko kan wà tí kì í sábà gba olú yìí sílé. Kábéèjì kì í gbà á. Tẹ̀tẹ̀ náà kì í sábà gbà á. Àwọn ẹ̀rí ìjà tí mo kà fún yín, lórí tòmátì àti ẹ̀wà ni; èyí tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ ni pé olú ń bọ́ ọ. Ewé tí ebi ń pa ni mo kò fẹ́ kí ẹ gbé ko tata lójú.

Ó ku ohun tí ń pa olú. Mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní kí a dáná gbọ́ èyí, kì í ṣe láti bá a wí. Bàbá mi náà dáná. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi bá dáná lẹ́ẹ̀kan, tí ó gbin iṣu, tí ó fi ẹ̀gẹ́ kún un, yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọdún méje tàbí mẹ́jọ kí ó sinmi, ilẹ̀ náà yóò sì padà di igbó. Lónìí, ilé ti gba ilẹ̀ láti Adébáyọ̀ títí dé itòsí Ìwòrókò. Ta ni ó ní ilẹ̀ tí yóò fi sinmi fún ọdún méje? Ọdọọdún ni a ń dáná sórí ilẹ̀ kan náà. Olú yìí kò lè dá jẹun. Bí gbòǹgbò ààyè kò bá sí nínú ilẹ̀, kò sí oúnjẹ fún un. Bí iná bá jó orí ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì wà ní ìhòòhò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé, ebi ni a fi ń pa á. Katakata tí ń tú ilẹ̀ lọ tú bọ̀ ń já fọ́nrán rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí a bá sì da fatiláísà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ pọ̀ sí ìdí ewéko, ewéko náà yóò rí i pé òun kò nílò olú mọ́, kò ní fún un ní ṣúgà bí ti tẹ́lẹ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí ní orílẹ̀-èdè Benin jáde. Wọ́n ka irú àwọn olú yìí nínú ilẹ̀ ọ̀dàn, nínú oko iṣu, nínú oko òwú, àti nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Ọgọ́ta oríṣi ni wọ́n rí lápapọ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn àti oko iṣu ni ó ní wọn jù. Oko òwú, tí wọ́n ń da kẹ́míkà sí lọ́dọọdún, ni ó ní wọn kéré jù. Ilẹ̀ tí ó sinmi bọ́ sáàárín.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo gba katakata sórí ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀, ó tú u lẹ́ẹ̀mejì. Mo fín oògùn apakoríko. Ẹnì kan tí ń ta ohun èlò oko sọ fún mi pé àpò fatiláísà mẹ́ta ni ó yẹ ilẹ̀ náà, mo sì dà á sí i. Àgbàdo ọdún kìíní dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń pe ènìyàn wá wò ó. Ní ọdún kẹta, ilẹ̀ náà le bí ilẹ̀ ìta ilé, ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sí i pọ́n rakọrakọ, tata sì jókòó lé e bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè. Oko ẹnìkejì mi, tí a jọ pààlà, tí ó kàn ń fi àdá ro tirẹ̀ tí ó sì ń da koríko náà bo ìdí ebè, ní ewé. N kò sọ pé olú nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ náà, nítorí ohun tí mo bàjẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n owó àpò mẹ́ta ni mo fi bà á jẹ́, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi owó àpapọ̀ yín ṣe irú rẹ̀.

Ní ti ẹyin tata, iná kò ní bá yín ṣe é. Inú ilẹ̀ ni tata ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ní abẹ́ òjìji, pàápàá jù lọ ní abẹ́ ewé Akíntọ́lá. Nǹkan bí oṣù March sí April ni ó ń yé e. Inú oṣù October sí November ni yóò pa. Ọ̀pọ̀ tata a sì máa péjọ síbì kan láti yé, nítorí náà ibi tí ẹ bá ti rí wọn kí wọ́n wọ́ jọ sórí ilẹ̀, ẹ fi àmì sí i. Bí a bá fi ọkọ́ hú ibẹ̀, tí a kó ẹyin náà síta kí oòrùn ó pa á, iye tí yóò jáde yóò dínkù gidigidi. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Olú mìíràn tilẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń hù sí ara tata tí ó sì ń pa á, Metarhizium ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n dán an wò lórí tata ẹ̀gẹ́ ní Benin ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ Kánádà sì fi hàn ní 2012 pé irú rẹ̀ kan ń gbé ara gbòǹgbò, tí ó ń fa oúnjẹ láti ara kòkòrò tí ó pa, tí ó sì ń fi í fún ewéko. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ pín ilẹ̀ ojú ọ̀nà Ìwòrókò sí méjì. Apá ìhà òsì, ẹ fi í fún ẹni tí ó fẹ́ dáná, kí ó ṣe é bí ó ti wí. A kò ní pè é ní aláìgbọràn. Apá ìhà ọ̀tún, kí á fi àdá ro ó, kí á da koríko náà sílẹ̀ bo ilẹ̀, kí á má sì tú u ju ibi tí ebè yóò wà lọ. Kí á gbin ẹ̀wà sáàárín ẹ̀gẹ́, kí gbòǹgbò ààyè lè wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Kí á má fín oògùn sí apá méjèèjì, àfi bí ẹ bá rí armyworm nínú àgbàdo. Nígbà náà kí ẹ wá sọ fún mi kí a tó ra nǹkan kan. Ẹ̀gẹ́ irú kan náà ni kí ẹ gbìn sí apá méjèèjì, lọ́jọ́ kan náà. Kí àwọn arábìnrin wa tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò fi okùn pupa sí ara ẹ̀gẹ́ ogún ní apá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa ka ewé tí ó kù lára wọn lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta láti oṣù November, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti ra ìwé náà. Ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé yín. Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Ṣúbúì, ni a ó pàdé ní orí ilẹ̀ náà láti fi okùn wọn ọ́n. Kí oníkálukú mú àdá tirẹ̀ dání. Ọkọ́ mẹ́rin péré ni mo ní.